A Dìbò Tán, Ilé Ṣì Ń Jà

  Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tí ẹ gbé ọbẹ̀ kaná, ẹ máa fojú sí i, kó má lọ jóná tìtorí ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, kò sílé tí kò kàn: báwo la ṣe ń bá ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wa gbé, tí a kò fi ní di ọ̀tá ara wa? Mi ò ní sọ ẹgbẹ́ tí ẹ máa dìbò fún o, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹ mọ èyí tí èmi ń dìbò fún. Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n, ìyẹn náà tó.

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà bẹ̀rẹ̀. Nínú ìbò ààrẹ ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 582,454 ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Bọ́lá Tinúbú ti APC sì ní 572,606. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi ju ẹnì kejì lọ kò tó ẹgbàárùn-ún. Ní Ọ̀ṣun lọ́jọ́ kan náà, Àtíkù Abúbákàr ti PDP ní 354,366, Tinúbú ní 343,945. Ìyẹn náà, díẹ̀ báyìí ló fi lé ní ẹgbàárùn-ún. Tí ẹ bá ń gbé ilé oníyàrá mẹ́wàá l'Ékòó, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ẹni tí ẹ jọ ń dá owó NEPA má tẹ ìka síbi tí ẹ tẹ tiyín sí. Ní Òṣogbo, tí ẹ bá wo ọ̀tún wo òsì nínú mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, bákan náà ni. Àwọn tí kò tilẹ̀ jáde dìbò rárá wá pọ̀ ju gbogbo àwọn tó dìbò lọ, àwọn náà sì ní ohun tí wọ́n ń bínú sí. Kò sí àdúgbò kankan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, bí ó ti wù kí pátákó ìpolongo pọ̀ tó lójú títì.

Àwọn kan á ní ayé ìsinsìnyí ló bàjẹ́, pé WhatsApp ló dá gbogbo ìjà sílẹ̀. Mi ò gbà. Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè ọ̀rọ̀ 1962.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá jọ wà nínú ẹgbẹ́ Action Group, ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ fi ipò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní 1959 láti lọ sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, Akíntọ́lá ló bọ́ sípò rẹ̀. Ìjà tó dé bá wọn kò dá lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Akíntọ́lá ló ní kí ẹgbẹ́ bá NPC tó ń ṣèjọba àpapọ̀ rẹ́, kí Yorùbá lè rí tiwọn mú nínú ohun tó wà nílẹ̀. Awólọ́wọ̀ ní rárá o, ká dúró bí alátakò, ká fi ètò ìjọba tó ń ro ti mẹ̀kúnnù han gbogbo Nàìjíríà, ọjọ́ kan á jẹ́ tiwa. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́gbọ́n méjì lè jókòó sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni, tí oníkálukú á sì ní ibi tó ti jàre.

Wọn kò jókòó sọ ọ́ tán. Ní oṣù Karùn-ún 1962, àwọn aṣòfin 66 kọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tí í ṣe gómìnà nígbà náà, yọ ọ́, wọ́n sì fi Alhaji Adégbénró rọ́pò. Nígbà tí ilé aṣòfin jókòó n'Íbàdàn ní ọjọ́ 25 láti fọwọ́ sí i, aṣòfin kan fò sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé iná ń jó lórí òkè. Kò sí iná kankan. Àga ló kọ́kọ́ fò. Ẹnì kan gbá ọ̀pá àṣẹ ilé mú, ó là á mọ́ tábìlì, ọ̀pá kán. Ọlọ́pàá da tajútajú sí àárín àwọn ọlọ́lá, àwọn tó wọ agbádá àti àwọn tó wọ kóòtù jọ ń nu ojú, wọ́n jọ ń wá ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ ti kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì gbé gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn lé Dókítà Májẹ̀kódùnmí lọ́wọ́.

Akíntọ́lá padà sórí oyè ní ọjọ́ kìíní ọdún 1963, ó sì bá àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1964, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Dẹ́mọ̀. Láti ìgbà yẹn ni nǹkan ti kúrò nílé aṣòfin tó wọ agboolé. Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde ní 1964, ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ eré rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn. Ó di 1966, nígbà tí ológun dé, kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ìbò ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1965 wá dé. Adégbénró ní àwọn ló wọlé, Akíntọ́lá ní àwọn ló wọlé, ìjọba sì wà lọ́wọ́ Akíntọ́lá. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í da bẹntiróòlù sórí ilé, sórí ọkọ̀, sórí ènìyàn. Wẹ́tìẹ̀ nìyẹn. Iná tí kò sí ní 1962 ti dé ní 1965. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966, àwọn ológun ti gbàjọba, wọ́n sì ti pa Akíntọ́lá nínú ilé olórí ìjọba n'Íbàdàn. Ẹ̀wọ̀n ni Awólọ́wọ̀ wà ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kan ilé rédíò náà o. Lẹ́yìn ìbò 1965 ọ̀hún, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sáfẹ́fẹ́, ẹnì kan yọ ìbọn sí àwọn òṣìṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn, ó ní kí wọ́n yọ téèpù yẹn, kí wọ́n fi tòun sí i. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ ni òun fúnra rẹ̀ ròyìn bó ṣe ṣe é sínú ìwé. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ẹni tó mú nǹkankan wọlé tọ̀ mí wá níbí. Ẹnu ọ̀nà sítúdíò ni mò ń wò yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nínú ìtàn yìí ni bí ìbéèrè ṣe yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó wà nílẹ̀ ni pé, kí la ó ṣe? Ṣé ká bá ìjọba àpapọ̀ rẹ́ ni, àbí ká ta kò ó? Nígbà tó di 1965, ìbéèrè tí àwọn ọmọ ìta ń bi ènìyàn lójú ọ̀nà ni pé, ẹgbẹ́ wo lò ń ṣe? Ìbéèrè àkọ́kọ́ gba àlàyé, ó gba àtúnrò, ó gba kí ènìyàn ní òun fara mọ́ apá kan tí òun kò sì fara mọ́ apá kejì. Ìbéèrè kejì kò ní ju ìdáhùn kan ṣoṣo lọ tó lè gba onítọ̀hún là, ó sì dọwọ́ ẹni tó gbé agolo bẹntiróòlù. Bí a bá rí ilé tí òṣèlú ti tú ká lóde òní, ibi tí ìbéèrè ti yí padà yẹn ni kí a wá.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1983. Olóyè Michael Ajáṣin ni gómìnà, Olóyè Akin Ọmọbóríowó ni igbákejì rẹ̀. Ọmọbóríowó yìí, kó tó kúrò lẹ́yìn Awólọ́wọ̀, ìwé odidi ló kọ láti ṣàlàyé èrò Awólọ́wọ̀ nípa ìjọba. Ó bọ́ sínú NPN, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba àpapọ̀ nígbà náà, ó bá ọ̀gá rẹ̀ du ipò, àjọ elétò ìdìbò, FEDECO, sì kéde pé òun ló wọlé. Àkúrẹ́ gbaná. Olóyè Ọláìyá Fágbàmígbé, ẹni tó ní ilé ìtẹ̀wé níbẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n pa, torí pé NPN ló wà. Kò pẹ́ tí ilé ẹjọ́ fi dá ipò padà fún Ajáṣin. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ nínú ilé rẹ̀ báyìí pé, bí kò bá sí ìjà yẹn, ta ni ìbá dá a padà? Mo gbọ́ yín. Ẹni tí wọ́n jí ìbò rẹ̀, ó tọ́ kó bínú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jó ilé wọn, àwọn kọ́ ló ka ìbò.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní ayé àtijọ́. Mo mọ ilé kan ní Ọ̀ṣun. Bàbá ilé jẹ́ olùkọ́ àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ rántí pé láti àárín ọdún 2015 títí di 2018, nígbà ìjọba Raúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, owó ìpínlẹ̀ náà kò ká owó oṣù mọ́. Àwọn tó wà ní ipò kékeré ń gba owó tiwọn pé, ti àwọn tó wà láàárín dín kù, ti àwọn ọ̀gá wá di ìlàjì. Bàbá yìí wà lára àwọn onílàjì. Ó ní ìwé pélébé kan tó ń kọ gbèsè sí: gàárì kóńgò mẹ́ta, ẹ̀wà kóńgò kan, owó ilé, owó kọpuréétíìfù tí kò rí san. Bíárò pupa ló fi ń fa ìlà sábẹ́ èyí tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ jù. Ẹnikẹ́ni tó bá yin ìjọba yẹn lójú rẹ̀, yóò wọlé, yóò gbé ìwé náà jáde, yóò nà án sí i.

Àkọ́bí rẹ̀ ńkọ́? O-YES, ètò tí ìjọba kan náà fi gba ẹgbàáwàá ọ̀dọ́ síṣẹ́, ni ọmọ yìí ti kọ́kọ́ gbowó oṣù láyé rẹ̀, ẹgbàárùn-ún náírà lóṣooṣù. Àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún ní Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ sí. Ìjọba kan náà ni o, ilé kan náà sì ni. Bàbá ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ọmọ ń sọ ohun tí ojú tirẹ̀ rí, ìkankan kò sì purọ́ nínú wọn. Bàbá ń pe ọmọ ní aláìmọ̀kan, ọmọ kò lè pe bàbá ní nǹkankan, ni kò bá kí i dáadáa mọ́ láàárọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ di ẹ̀tẹ̀bá.

Ìyá wọn ló là á. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Bàbá Déle, ẹ gbé ìwé yín yẹn wá, kì í ṣe kẹ́ ẹ nà án sí i o, ẹ kà á sí i létí. Ìwọ náà, bó bá kà á tán, sọ ohun tí o fi owó oṣù rẹ ṣe." Bàbá kà á. Ó kan ojú ìwé kan tó kọ owó ìdánwò WAEC sí, gbèsè tó lọ yá lọ́wọ́ ìyálọ́jà kan nítorí ọmọ kan náà yìí kó tó rí iṣẹ́. Ọmọ kò mọ̀ rí. Nígbà tó kan ọmọ, ó ní òun máa ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá òun nínú owó O-YES yẹn, ìyẹn ni wọ́n fi ń ra kẹrosíìnì. Bàbá náà kò mọ̀. Ẹ má rò pé wọ́n di ọmọ ẹgbẹ́ kan náà lọ́jọ́ yẹn. Títí di òní, bí orin ìpolongo ẹgbẹ́ kan bá dún lórí rédíò, bàbá a pa rédíò. Bóyá ó tilẹ̀ ti pa èmi náà lọ́wọ́ kan báyìí.

Ohun tí ìyá yẹn ṣe ṣeé kọ́. Kò bi wọ́n pé ta ló jàre. Ó bi wọ́n pé kí lojú yín rí? Ó sàn kí a máa béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí èrò wa kò bá tirẹ̀ mu. "Ẹ dákun, sà, kí lẹ rí tí ẹ fi gba tiwọn?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. "Kí lẹ tún rí lára àwọn olè yẹn?" kì í ṣe ìbéèrè, ìdájọ́ ni, ó kàn wọ aṣọ ìbéèrè ni. Àgbà náà níbi tó ti ń ṣẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tí àgbà wá ní, "Ìwọ tí a bí lánàá, kí lo mọ̀ nípa òṣèlú?", ọjọ́ orí ló fi dáhùn, kò dáhùn ọ̀rọ̀. Ẹni tí a bí lánàá ni yóò san gbèsè tí ìjọba òní bá jẹ.

Lẹ́yìn tí o bá ti gbọ́, kí o tó fèsì, sọ ọ̀rọ̀ onítọ̀hún padà fún un. Àwọn àgbà tó ń parí ìjà lágboolé kì í dájọ́ kí wọ́n tó ní, "Ṣé ohun tí o wí ni pé báyìí báyìí?" Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Sọ ọ́ dáadáa tó fi máa ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo wí gan-an nìyẹn." Ẹ dán an wò pẹ̀lú àna yín tàbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ó le ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí lọ. Púpọ̀ nínú wa, bí ẹnìkejì bá ń sọ̀rọ̀, èsì la ń tò lọ́kàn, a ò gbọ́ ju ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ yọ kúrò lẹ́nu pátápátá: ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n lò ó ní 1962, wọ́n lò ó ní 1983, wọ́n tún lò ó ní 2023 fún Yorùbá tí kò dìbò fún Yorùbá. Ènìyàn lè ní ọ̀rẹ́ òun ṣìnà, kó ní kò mọ ìṣirò, kó ní owó ìpolongo ló rí gbà. Gbogbo ìyẹn ṣì ṣeé tọrọ àforíjì lé lórí. Ọ̀dàlẹ̀ ti wọ inú èpè. Ẹni tí o bá pè bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án kò ní jẹun nílé rẹ lálẹ́, ọmọ rẹ̀ kò sì ní fẹ́ wá síbi ìkómọjáde rẹ.

Àwọn ìdílé kan ti fòfin de òṣèlú nínú ilé. Mo mọ ìdí rẹ̀. Níbi ìgbéyàwó, níbi òkú, òfin náà dára, ẹ jẹ́ kí ènìyàn jẹ ìrẹsì rẹ̀ lálàáfíà. Àmọ́ bí ẹ bá ṣe é lójoojúmọ́, àwọn ọmọ á lọ gbọ́ òṣèlú ní gáréèjì àti lórí fóònù, ibi tí kò ti sí ẹni tí yóò sọ fún wọn pé, "Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́."

Ti fóònù ọ̀hún náà. Nínú agbo WhatsApp ẹbí, ẹ̀gbọ́n ìyá yín á gbé ohùn kan sílẹ̀ ní òru, ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ ń kígbe pé wọ́n ti yí èsì ìbò. Ẹ má já a nírọ́ lójú gbogbo ẹbí. Ojú á tì wọ́n, wọ́n á sì di ohun tí wọ́n wí mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀: "Ẹ dákun, níbo lẹ ti gbọ́ ọ?" Èsì ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan wà lórí fọ́ọ̀mù EC8A. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí wọ́n ka ìbò tán lè ya fọ́tò rẹ̀. Kí àríyànjiyàn yín wá dá lórí ìwé tí ojú rí.

Mo mọ̀ pé a ti fẹ́ẹ̀ lo àkókò wa tán, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Gbogbo ohun tí mo ti sọ, fún ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa ni. Ẹni tó bá ní ká jó ilé, ká lu ẹnì kan, ká má jẹ́ kí àwọn ẹ̀yà kan dìbò, ìyẹn kúrò ní èrò. Níbi ìbò gómìnà ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2023 l'Ékòó, wọ́n lé àwọn kan kúrò ní ibùdó ìdìbò torí pé ojú wọn tàbí orúkọ wọn jọ ti Ígbò. Kò sí pé ká bi irú àwọn tó lé wọn yẹn pé kí lojú wọn rí. Kí ẹ pe ọlọ́pàá, kí ẹ pe baálẹ̀, kí ẹ pariwo.

Ẹni tí ohùn rẹ̀ sì lè dá wọn dúró ni ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Bí alátakò bá bá wọn wí, wọ́n á ní ẹ̀rù ìjákulẹ̀ ló ń bà á. Àwọn tó ń da bẹntiróòlù ní 1965, kò sí ọmọ Dẹ́mọ̀ kan tó lè ní kí wọ́n jáwọ́, àfi àwọn àgbà ẹgbẹ́ tiwọn. Ó sì ṣòro láti bá ará ilé ẹni wí nígbà tí inú ń bí gbogbo ilé. Ẹ wo àpẹẹrẹ ẹni tó gbìyànjú rẹ̀: ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2014, Káyọ̀dé Fáyẹmí wà lórí oyè gómìnà Èkìtì, Ayọ̀délé Fáyóṣe sì nà án nínú ìbò ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16. Lọ́jọ́ kejì, Fáyẹmí bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní òun ti gbà, ó kí Fáyóṣe kú oríire. Kò dùn mọ́ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ tún jáde, tó dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ṣe ìbò náà, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì tíì tán lẹ́nu àwọn ará Èkìtì. Síbẹ̀, Adó-Èkìtì kò jó bí Àkúrẹ́ ṣe jó ní 1983. Ní 2018, Fáyẹmí tún jáde, ó sì wọlé. Igbákejì Fáyóṣe tó bá a du ipò náà kò gbà, ó gba ilé ẹjọ́ lọ, títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ìjà ṣì wà níbẹ̀ o. Àwọn lọ́yà ló ń bá wọn jà á.